Fìríìsà wáàtì 150 ń fa áńpíà 1.3: ṣé kapásítọ̀ lè bá mi dín in kù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iná. Mo ń ta ẹja tútù ní Ọ̀fà. Wáàtì 150 ni wọ́n kọ sẹ́yìn fìríìsà mi, àmọ́ mítà tí wọ́n fi ń gbá wáyà mú ń ka áńpíà 1.3 lórí fóltì 220. Ẹ fi 1.3 sọ 220 di púpọ̀, ó di fóltì-áńpíà (VA) 286, kì í ṣe 150! Bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá ti fẹ́ gbéra, ìńfátà 1kVA mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, gílóòbù LED á máa ṣẹ́jú.

Mo ti pààrọ̀ wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo pa tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù, áńpíà fìríìsà ò yí padà. Sitabiláísà ò ṣe nǹkan kan, àfi ariwo.

Oníṣẹ́ iná àdúgbò wa ní reactive power ni, iná tó kàn ń lọ tó ń bọ̀ lórí wáyà láìṣiṣẹ́, pé kí n so kapásítọ̀ (ohun kékeré tó ń gba iná pamọ́ díẹ̀, tó sì ń tú u sílẹ̀) mọ́ fìríìsà. Kì í ṣe torí owó káàdì o. Wáàtì gan-an ni mítà ilé ń gba owó rẹ̀. Ìńfátà ló ká mi lára.

Ṣé kapásítọ̀ á dín igbe ìńfátà kù nígbà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá ń gbéra, àbí lẹ́yìn tó bá ti gbéra tán nìkan ló wúlò? Kapásítọ̀ máíkrófárádì (ìwọ̀n agbára rẹ̀) mélòó ni kí n rà tí kò ní ba ìńfátà jẹ́?