Ṣé «wọ̀bìà» náà ni gbogbo wọn? Sharah, biṭnah, tukhamah àti isrāf ní èdè Yorùbá

Ọmọ Kéwú béèrè pé:

Àṣálámù àlékùm, ẹ̀yin àfáà àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Wọ́n gbé ìwé wáàsí kan fún mi ní èdè Lárúbáwá pé kí n yí i sí Yorùbá fún àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù wa kí oṣù Ràmàdáánì tó wọlé. Nínú ìpínrọ̀ tí ó sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ ìṣínu, ọ̀rọ̀ mẹ́rin tẹ̀ lé ara wọn: sharah (شره), biṭnah (بطنة), tukhamah (تخمة) àti isrāf (إسراف). Wọ̀bìà ni mo kọ sí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àfáà tí ó kọ́ mi, ó fi bíírò pupa fa ìlà sórí mẹ́ta nínú wọn, ó ní kí n lọ wá gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn lẹ́tà tí a ti ṣẹ̀dá rẹ̀, kí n tó padà wá bá òun, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tukhamah ni ó dá mi lágara jù. Mo wá a lábẹ́ t-kh-m, tukhūm tí í ṣe ààlà ilẹ̀ ni mo bá níbẹ̀, n kò sì mọ ohun tí ó pa ààlà oko pọ̀ mọ́ ẹni tí ó jẹun jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Bàbá Naháwù fèsì pé:

Wa alaykumu s-salām, ọmọ mi. Àfáà rẹ ṣe ọ́ lóore. Jẹ́ kí a ti ibi tukhamah bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ kéwú ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣì lọ́nà. Lẹ́tà tāʾ (t) tí o rí níwájú rẹ̀ kì í ṣe ara gbòǹgbò. Lẹ́tà wāw (w) ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí tāʾ tó gba ipò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú turāth, èyí tí í ṣe ogún, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ w-r-th, àti nínú taqwā, èyí tí í ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́run, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ w-q-y. Abẹ́ w-kh-m ni kí o wò. Níbẹ̀ ni wàá ti bá wakhīm, tí wọ́n máa ń lò fún ilẹ̀ tí kò bá ara ẹni mu àti fún oúnjẹ tí ó wúwo nínú. Ìnira tí oúnjẹ tí kò dà ń fà ni tukhamah. Àìsàn ni, kì í ṣe ìwà, bí o bá sì pe ẹni tí inú ń run ní wọ̀bìà, èébú ni o bú u.

Ní ti biṭnah, baṭn tí í ṣe ikùn ni ó ti wá, gbòǹgbò yìí kan náà ni ó sì bí bāṭin, ohun tí ó wà ní inú. Ikùn tí a ti kún bámúbámú ju bí ó ti yẹ ni biṭnah. Òwe àwọn Lárúbáwá sọ pé «al-biṭnatu tudhhibu l-fiṭnah», ìyẹn ni pé ikùn àkúnjù a máa lé òye lọ. «Àjẹkì» ni èmi yóò fi túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tún wà nítòsí rẹ̀ tí mo fẹ́ràn, kiẓẓah: ìgbà tí oúnjẹ ti dé ọ̀fun, tí èémí kò já gaara mọ́, tí ènìyàn ń dọ́gbọ́n tú okùn ṣòkòtò lábẹ́ agbádá.

Ìyá Olùkọ́ fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda yín, n óò fi díẹ̀ kún un. Inú ikùn ni àwọn ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ wà, ṣùgbọ́n inú ọkàn àti ojú ni sharah wà. Ẹni tí kò tíì fi ọwọ́ kan oúnjẹ rárá lè jẹ́ oní-sharah, nítorí pé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Òun nìkan ni «wọ̀bìà» bá mu nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fura pé òun ni bíírò pupa fò.

Jashaʿ le jù ú lọ. Lára ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ èdè fún un ni pé kí ènìyàn gba ìpín tirẹ̀ tán, kí ó tún máa wo ìpín ẹlòmíràn. Ojúkòkòrò gan-an nìyẹn. Al-Shanfarā, akéwì ayé ṣáájú Ìsìláàmù, fi ṣe ìyangàn pé nígbà tí ọwọ́ bá nà sí oúnjẹ, òun kì í yá ju àwọn yòókù lọ, torí pé ẹni tí jashaʿ rẹ̀ pọ̀ jù ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá jù.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí èdè yìí ti ń ṣọ́ ẹnu ènìyàn, ẹ wo al-Jāḥiẓ, òǹkọ̀wé ará Basra ní Ìráàkì, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 868. Nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ahun, ó to orúkọ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n jẹ jọ. Nashshāl ni ẹni tí ń fa ẹran yọ nínú ìkòkò kí ó tó jinná. Muḥalqim ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nígbà tí òkèlè wà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Lakkām ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù: òkèlè kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò tíì rún un tán, ó ti fi òmíràn tì í lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń lò fún kíkan ènìyàn ní ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí a kò pè sí àsè tí ó wá ni ṭufaylī, láti ara orúkọ Ṭufayl, ọkùnrin ará Kufa kan tí kì í fo ìgbéyàwó. Àwa náà ní mogbọ́-moyà tiwa.

Atúmọ̀ fèsì pé:

Ó ku isrāf, èmi kò sì gbà pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni rárá. Kí ènìyàn rékọjá ìwọ̀n ni s-r-f nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lóòótọ́, Súrà al-Aʿrāf, áyà 31, sọ pé kí a jẹ, kí a mu, kí a má ṣe rékọjá ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n Súrà al-Isrāʾ, áyà 33, lo gbòǹgbò yìí kan náà fún ẹni tí ń gba ẹ̀san ìpànìyàn, pé kí ó má ṣe pa kọjá ẹ̀tọ́. Ta ni yóò kọ wọ̀bìà síbẹ̀? «Àṣejù» ni. Ààlà tí Ọmọ Kéwú ṣèèṣì bá lábẹ́ tukhūm, ibí ni ì bá ti wúlò fún un.

Ọ̀pọ̀ ń túmọ̀ isrāf sí ìnákúnàá, ṣùgbọ́n tabdhīr ni mo máa ń fi èyí pamọ́ fún. Badhr, irúgbìn, ni gbòǹgbò rẹ̀: ẹni tí ń fọ́n owó ká bí àgbẹ̀ tí ń fọ́n irúgbìn, tí kò sì retí ìkórè.

Ọmọ Kéwú fèsì pé:

Mo dúpẹ́ gidigidi. Báyìí ni mo ṣe tún un kọ: «Wọ̀bìà ni ó ń mú ọwọ́ yá sí àwo, àjẹkì a tẹ̀ lé e, àìdà oúnjẹ a sì gba oorun lójú ẹni títí di àsìkò sààrì, àṣejù sì ni gbogbo rẹ̀.» Ṣé kò sí àléébù níbẹ̀?

Bàbá Naháwù fèsì pé:

Ó dára. Ṣùgbọ́n kọ «oúnjẹ tí kò dà» dípò «àìdà oúnjẹ», torí pé bí àwọn ìyá ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Kí o sì kí àfáà rẹ fún mi.