Ìmọ̀ràn: Irú iṣẹ́ wo ni kí n tọrọ nínú ìpolongo olùdíje tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀?

Ìràwọ̀Òwúrọ̀:
Ẹ̀yin ará, mo kí i yín o. Olùdíje kan ń du ipò aṣòfin lágbègbè wa. Kò lówó, kò ní bàbá ìsàlẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ bára mu, ó sì wù mí kó wọlé. Mo ti ń pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri lórí Facebook àti WhatsApp, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìyẹn nìkan ò tó. Mi ò bá wọn ṣe òṣèlú rí, ọjọ́ Sátidé nìkan lọwọ́ mi máa ń dilẹ̀, owó tí mo sì lè dá ò pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, irú iṣẹ́ wo ni kí n tọrọ?

ÌyáÌbejì:
Ojúlé sí ojúlé ni kẹ́ ẹ tọrọ. Ní 1998, Alan Gerber àti Donald Green, ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Yale, dán an wò nílùú New Haven, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pín olùdìbò bí 30,000 sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: wọ́n rán èèyàn lọ bá àwọn kan nílé, wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sáwọn kan, wọ́n fi fóònù pe àwọn mìíràn. Àwọn tí wọ́n lọ bá sọ̀rọ̀ lójúkojú ló jáde dìbò jù. Lẹ́tà ràn díẹ̀, ìpè fóònù ò mú nǹkan kan wá. Lóòótọ́, wọn ò polongo fún ẹnikẹ́ni, ṣe ni wọ́n kàn ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jáde dìbò, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ńlá ni fún olùdíje tí ò lówó tẹlifíṣọ̀n.

Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má fi orúkọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ kí onílé, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àdúgbò kan náà lẹ jọ ń gbé, kẹ́ ẹ wá bi í pé, "Kí ló ń dùn yín jù ládùúgbò yìí?" Lẹ́yìn náà, ẹ panu mọ́. Ibẹ̀ ló máa ń ṣòro fún ẹni tó fẹ́ràn olùdíje rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ti kún un lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí onílé sọ tẹnu rẹ̀ tán. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ló ń dùn ún, ohun tí olùdíje yín fẹ́ ṣe sí ilé ìwòsàn nìkan ni kẹ́ ẹ sọ. Bí kò bá sẹ́nì kankan nílé, ẹ má fi ìwé ìléwọ́ há ibi tí gbogbo ayé á ti rí i, kí olè má baà mọ̀ pé ilé ṣófo.

Akọ̀wéWọ́ọ̀dù:
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ, àmọ́ iṣẹ́ ojúlé tí ò ní àkọsílẹ̀, àṣedànù ni. Nínú ọ̀pọ̀ ìpolongo, nọ́ńbà 1 sí 5 ni wọ́n máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ olùdìbò. 1 ni ẹni tó ti pinnu pé tiwa lòun. 3 ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń ṣe méjì. 5 ni ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ wa sétí. Kí ìdìbò tó dé, ọ̀dọ̀ àwọn 3 la máa ń padà sí. Lọ́jọ́ ìdìbò gan-an, 1 àti 2 nìkan là ń kàn sí, ká rí i pé wọ́n mọ ibùdó wọn, pé arúgbó tó wà nínú wọn rí ẹni mú un débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá kọ 1 fún ẹni tó kàn rẹ́rìn-ín sí yín, ẹ ṣi olùdíje yín lọ́nà nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya fọ́tò ìwé yẹn sórí WhatsApp. Àdírẹ́sì àti èrò ọkàn ẹni ẹlẹ́ni ló wà níbẹ̀.

Ìràwọ̀Òwúrọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Ojú ń tì mí láti kan ilẹ̀kùn ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Àwọn ará ilé mi sì ní mò ń fàkókò ṣòfò, pé ìbò kọ̀ọ̀kan tí à ń wá kiri ò lè borí owó.

ÌlúLóNiWá:
Ẹ sọ ti ìpínlẹ̀ Virginia, ní Amẹ́ríkà, fún wọn. Ní 2017, Shelly Simonds àti David Yancey jọ du ìjókòó kan nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, 11,608 lẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Wọ́n fi orúkọ àwọn méjèèjì sínú abọ́ ní January 2018, wọ́n mú ọ̀kan, ti Yancey ló jáde. Ìjókòó kan yẹn ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 51 sí 49 nílé náà! Ilé kan péré tí wọn ò kàn ní Sátidé kan ì bá ti yí i padà. Simonds tún jáde ní 2019, ó sì wọlé.

Mi ò ní ẹsẹ̀ máa ń borí owó nígbà gbogbo o. Olówó ń wọlé lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ní ipò kékeré, níbi tí olùdìbò ò ti pọ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ yín ti lágbára jù.

Ọmọ_Ìdálẹ̀:
Ní ti owó, kékeré tó ń wọlé lóṣooṣù wúlò ju ńlá ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí wọ́n á lè fi ṣètò. Ẹ san án sí àkáǹtì ìpolongo fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Bí wọn ò bá lè sọ ẹni tó ń tọ́jú owó, ẹ fura. Ẹ lọ sí ìpàdé olùdíje náà kan pẹ̀lú, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń bá ẹni tó ń to àga sọ̀rọ̀.

Ẹ wo òfin ibi tẹ́ ẹ wà. Níbí ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú, tí kò sì ní green card, kò gbọ́dọ̀ dá owó fún olùdíje, ṣùgbọ́n ó lè bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Èèwọ̀ sì ni láti ju ìwé ìléwọ́ tí kò ní sítáǹpù sínú àpótí lẹ́tà.

ÌyáÌbejì:
@Ìràwọ̀Òwúrọ̀, ẹ má dá lọ. Ẹ ní kí wọ́n so yín pọ̀ mọ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Kó máa sọ̀rọ̀, kẹ́yin máa kọ nọ́ńbà. Tó bá yá, kẹ́ ẹ gba ilẹ̀kùn tó kàn lọ́wọ́ rẹ̀. Sátidé nìkan tó, tẹ́ ẹ bá ti sọ fún wọn kí wọ́n lè fi yín sétò. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ béèrè ìgbà tẹ́ ẹ máa padà wá àti ẹni tẹ́ ẹ máa bá. Bí wọn ò bá rí èsì fún yín, a jẹ́ pé ẹni tó máa bá wọn to orúkọ àwọn olùyọ̀ǹda ni wọ́n ń wá, ẹ gba iṣẹ́ yẹn.