Skíìtì mi kì í gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ: kí ni Funke Akindele ṣe tí Jenifa fi gbé odidi eré tẹlifíṣàn?

Àdùkẹ́Aláwàdà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Tí mo bá fa skíìtì mi dé ìdajì wákàtí, ṣe ló máa ń kú sáàárín. Báwo ni tiwọn ṣe dúró? Àbí orí ire ni?

BàbáÌtàgé: Orí ire wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ọdún náà. Wọ́n ṣì jẹ́ ẹni bí ogún ọdún nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bisi nínú I Need to Know, eré àwọn ọ̀dọ́ tí UNFPA, àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iye ènìyàn, ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, láti 1998 dé 2002. Fíìmù Jenifa ò jáde àfi 2008, àmì ẹ̀yẹ fíìmù Áfíríkà, AMAA, tẹ̀ lé e ní 2009, Jenifa's Diary wá bọ́ sórí tẹlifíṣàn ní 2015. Suliat, tó ń pe ara rẹ̀ ní Jenifa, fẹ́ di ọmọ ìgboro lójú méjèèjì, ẹnu rẹ̀ ló sì ń tú àṣírí rẹ̀. Gbé e sí yunifásítì, gbé e sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ẹ̀rín á jáde. Àpárá kan ṣoṣo ló gbé skíìtì tiyín, tí ẹ bá ti pa á tán, ó parí nìyẹn. Ẹ kọ ibi mẹ́wàá tí ẹni inú eré yín lè dé. Tí márùn-ún ò bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ tún ẹni náà dá.

OníKámẹ́rà: Òótọ́ ni bàbá sọ. Tí ìpolówó bá ti mú tirẹ̀, bí ìṣẹ́jú 22 ló kù nínú ìdajì wákàtí. Ojú ìwé eré kan ń lọ sí bí ìṣẹ́jú kan. Okùn ìtàn méjì ni kẹ́ ẹ hun pọ̀: ẹ wo bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ inú eré, Toyosi, Adaku àti Kiki, ṣe máa ń gba ìtàn lọ́wọ́ Jenifa kó tó sú wa. Ẹ ya gbogbo ìran pálọ̀ apá mẹ́rin pa pọ̀, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò irun, yẹtí àti ife orí tábìlì lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ dídì á di ṣùkú láàárín gbólóhùn.

Ohùn ló ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́. Léèsì àti ankara tuntun máa ń ha máìkì àyà. Ẹ fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ aṣọ. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ògiri, kó jìnnà. Tí ariwo rẹ̀ bá bo ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa tún un sọ ní sítúdíò tí á bọ́ sásìkò bíi ti àkọ́kọ́.

Lọ́yàOnítíátà: Ìwé àdéhùn ńkọ́? Yunifásítì Èkó ni Funke ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ilé-iṣẹ́ wọn, Scene One, ló sì ṣe Jenifa's Diary. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ kì í dáàbò bo èrò inú orí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lè fi tó Nigerian Copyright Commission, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ, létí. Orúkọ ẹni inú eré yàtọ̀ ní tirẹ̀, ọ́fíìsì trademark l'Ábújà, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ọjà sílẹ̀, ló wà fún ìyẹn. Tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn bá fẹ́ san owó, ẹ yá wọn ní eré náà fún iye ọdún kan pàtó, ẹ má tà á pátápátá.

Àdùkẹ́Aláwàdà: Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ọ̀rẹ́ tá a jọ ń ṣe é ńkọ́?

Lọ́yàOnítíátà: Àwé, ẹ kọ tiẹ̀ náà sílẹ̀ kí owó tó wọlé: ta ló kọ ọ́, ìdá mélòó ni tiẹ̀, ṣé ó lè lo orúkọ náà tó bá kúrò.