Ohùn ẹ̀rọ fún ọdẹ inú géèmù mi

Ọmọ Kétu: Ẹ káalẹ́ o. Èmi nìkan ni mò ń ṣe géèmù kan nípa ọdẹ tó ń ṣọ́ Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu. Mo fi MMS, ẹ̀rọ iléeṣẹ́ Meta tó ń sọ ọ̀rọ̀ kíkọ di ohùn, ṣe ohùn rẹ̀, àmọ́ bí oníwàásù ló ń sọ̀rọ̀!

Ará Ṣábẹ̀ẹ́: Àbúrò, kíka Májẹ̀mú Tuntun ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà. Àṣẹ rẹ̀, CC BY-NC 4.0, kò sì gbà kí o fi ṣòwò.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́: Lọ gba ohùn ọdẹ gidi sílẹ̀. Kọ́kọ́ ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀rọ yóò máa fi ohùn wọn sọ ohun tí wọn kò sọ rí.

Ọmọ Kétu: Ẹ ṣé, màmá. Bàbá mi àgbà ń sun ìjálá. Lọ́la ni mo máa lọ bá wọn.