Bí a ṣe yan Isle of Wight fún ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin pẹ̀lú Màmá

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ọkọ mi rí gbà níbi iṣẹ́. Àsìkò ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìparí oṣù Karùn-ún ni, Màmá mi sì ti dé láti Ìlaróò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ilé wa ní Thamesmead ní London, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà Woolwich ni wọ́n ń lọ ń bọ̀. Mo ti pinnu pé wọn ò ní padà sílé láì fojú kan òkun ìlú yìí. Àwọn ọmọ ní tiwọn ní erékùṣù làwọn fẹ́ lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì gbà wá tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹnu wa tó kò.

Madeira ni ọkọ mi kọ́kọ́ mú wá. Ó ti rí àwòrán òkè tó sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun, òdòdó níbi gbogbo, ó sì ń fi hàn wá lórí fóònù láàárọ̀ lálẹ́. Èmi náà ti fẹ́ràn ibẹ̀. Ìgbà tí a fẹ́ sanwó ọkọ̀ òfuurufú ni mo tó rántí ìwé ìrìnnà. Portugal ló ni Madeira. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ ní ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Nàìjíríà ló ṣì wà lọ́wọ́ èmi, físà àbẹ̀wò tí Màmá sì fi wọ London kò lè mú wọn wọ Portugal. Físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Bí Madeira ṣe bọ́ nìyẹn, Tenerife tó jẹ́ ti Spain bọ́ tẹ̀ lé e, gbogbo erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì náà sì bọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó wo àwòrán òkun kankan, ẹ kó ìwé ìrìnnà gbogbo ilé sórí tábìlì, kí ẹ ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ mi ti ń sọ fún ọ̀rẹ́ wọn pé Madeira làwọn ń lọ, ó sì dùn mí láti padà sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe.

Àbúrò mi tó lọ Tenerife lọ́dún tó kọjá ló tù mí nínú. Òru mẹ́rin ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sùn níbẹ̀. Ó ní kí n má wulẹ̀ banújẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú lé ní wákàtí mẹ́rin, wọ́n ti wà ní pápákọ̀ wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ọkọ̀ tún pẹ́ kó tó gbéra, ọmọ rẹ̀ kékeré sì bì nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wọn dé òtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ kejì, oorun ni gbogbo wọn sùn. Nínú gbogbo owó tó ná, ó ní ọjọ́ méjì gédégédé lòun fi ojú rí Tenerife. Ó gbádùn ọjọ́ méjì yẹn o, àmọ́ ó ní bí òun bá tún máa lọ, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú mi jókòó pẹ̀lú bírò. Mo kọ orúkọ erékùṣù tí kò nílò ìwé ìrìnnà, mo sì kọ iye wákàtí tí a máa lò lójú ọ̀nà sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Skye ní Scotland rẹwà, ṣùgbọ́n láti ilé wa, wákàtí mọ́kànlá ni nínú mọ́tò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orúnkún Màmá kò lè gba ìyẹn. Anglesey ní Wales sún mọ́ni jù ú lọ. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, ló ta ko ìyẹn. Ó béèrè bóyá ọkọ̀ ojú omi la máa wọ̀ débẹ̀. Mo ní rárá, afárá wà níbẹ̀ láti ọdún 1826, Skye pàápàá ti ní tirẹ̀ láti 1995. Ó wò mí, ó ní, “Mọ́mì, bí mọ́tò bá lè débẹ̀, kì í ṣe erékùṣù.” Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Èmi rò ó wò, mo rí i pé ọmọ náà mọ ohun tó fẹ́: ó fẹ́ kí ilẹ̀ tán lábẹ́ ẹsẹ̀ òun.

Isle of Wight, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wá kù. Kò sí afárá tó dé ibẹ̀. Wákàtí méjì ni láti ilé wa dé Portsmouth bí ọ̀nà bá dá, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sì ń lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú 45 dé Fishbourne lórí erékùṣù náà. Erékùṣù náà kò tóbi, láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi máìlì 23. Bí ó ti wù kí a sùn síbi kan, kò sí ibi tí a fẹ́ dé tó máa gbà wá jù wákàtí kan lọ. Fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyẹn ni mo ń wá.

Àṣìṣe méjì ni mo ṣe, ẹ má ṣe irú rẹ̀. Èkíní, mo rí iye tí tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò jẹ́, mo ní kí n sùn lé e lórí. Ìgbà tí mo padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ti gbówó lórí gan-an. Owó ọkọ̀ ojú omi yẹn ń yí pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, ìdájí ló sábà máa ń dínwó. Èkejì ló dùn mí jù. Ilé tí a gbà, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà nínú ilé kí a tó dé yàrá àti balùwẹ̀. Mo kà wọ́n, nítorí pé mo dúró lẹ́yìn Màmá bí wọ́n ṣe ń gun ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, pálọ̀ ni wọ́n sùn sí, wọ́n sì ń sọ pé kò sí wàhálà, kí n má da ara mi láàmú. Bí àgbà bá wà lára yín, ẹ ní kí onílé ya fọ́tò ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn ránṣẹ́ sí yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orí omi. Inú ikùn ọkọ̀ ni wọ́n ní kí a wa mọ́tò wọ̀, kí a sọ̀ kalẹ̀, kí a gòkè lọ. Màmá kò fẹ́ fi mọ́tò sílẹ̀. Wọ́n ní ta ló máa ṣọ́ moínmọ́ín àti ìrẹsì tí a gbé sínú bùùtù. A mú wọn gòkè, a bá wọn wá àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, kò mì rárá, ilé tó wà ní èbúté ló dà bí ẹni pé ó ń sún sẹ́yìn. Màmá di apá mi mú, wọ́n ní, “Ṣé àwa là ń lọ ni, àbí àwọn?” Ọmọ ọkùnrin ti lọ lẹ imú mọ́ gíláàsì. Ó rí àwọn ilé olódi olókùúta roboto tí wọ́n kọ́ sáàárín omi níbẹ̀ láyé àtijọ́ nítorí ìbẹ̀rù ogun, kò sì yé béèrè bí òkúta ṣe dé inú òkun títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

A lọ Alum Bay. Iyanrìn òkè ibẹ̀ pé oríṣiríṣi àwọ̀: pupa, yẹ́lò, funfun, eléérú, ìlà lórí ìlà bí aṣọ òfì. Àwọn ọmọ bu tiwọn sínú ìgò kékeré nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn òkúta funfun mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Needles wà nínú omi lọ́ọ̀ọ́kán, ilé iná sì dúró sí ìdí èyí tó gbẹ̀yìn. A tún lọ wo egungun dáínósọ̀ ní Sandown. Ìyẹn dùn mọ́ àwọn ọmọ, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi.

Ohun tí ọmọ mi ọkùnrin ń sọ títí di òní ni hovercraft tó ń lọ láàárín Ryde lórí erékùṣù náà àti Southsea ní Portsmouth, nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni lójú omi. Òun àti bàbá rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ, wọ́n wọ̀ ọ́ bọ̀. Èmi àti Màmá dúró ní etíkun láti wò ó. Ó kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ pẹ̀sẹ̀ bí adìyẹ tó sàba. Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ, rọ́bà dúdú tó yí i ká kún fún afẹ́fẹ́, ó gbé ara sókè, ó yí padà lórí ilẹ̀, ó sì gba orí omi lọ láì dúró. Omi fọ́n sí wa lára. Màmá ní, “Yé!”

Ọjọ́ kẹta ni a lọ Osborne, ààfin tí Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ kọ́ fún ìsinmi ìdílé tiwọn. Ibẹ̀ náà ni ó kú sí ní January 1901. Mo ní ìdí tí mo fi fẹ́ kí Màmá débẹ̀, n kò sọ fún wọn. A rìn gba inú yàrá, a rí ibi tí ọbabìnrin kú sí, a jáde síta ibi tí ọgbà ti sọ̀ kalẹ̀ lọ bá òkun. Mo rí bẹ́ǹṣì, mo ní kí wọ́n jókòó. Mo wá mú fóònù jáde, mo fi fọ́tò kan hàn wọ́n. Ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ni, aṣọ rẹ̀ fẹ̀ dé ilẹ̀, ó dúró ṣinṣin. Ọdún 1862 ni wọ́n yà á ní London.

“Ta nìyí?”

“Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni, Màmá. Àìná ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Sarah.”

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Òkè-Ọ̀dàn kò jìnnà sí Ìlaróò, ọmọdé ni wọ́n nígbà tí wọ́n ń bá ìyá wọn lọ tajà níbẹ̀. Wọ́n ní, “Òkè-Ọ̀dàn wa?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ fún wọn pé ogun Dàhòmì tó kó Òkè-Ọ̀dàn ní 1848 ló pa àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n sì mú un lọ sí ààfin ọba Gezo. Ní 1850, Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Bonetta, gbà á lọ́wọ́ Gezo bí ẹ̀bùn fún Victoria, orúkọ ọkọ̀ náà ni wọ́n sì fi kún orúkọ rẹ̀. Ọbabìnrin ló sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò ọmọ Yorùbá, ní Brighton, wọ́n padà sí Èkó. Ọbabìnrin sì ṣe ìyá ìsàmì fún àkọ́bí wọn, tí wọ́n sọ ní Victoria.

Màmá fi ìka wọn kan ojú ọmọ náà lórí fóònù, fọ́tò sì fẹ̀ lójijì. Wọ́n ní, “Ọmọ tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn wá sáyé ni Àìná.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ogun tún wá kọ́ ọ lọ́rùn.”

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ti sún mọ́ wa. Wọ́n ti kọ́ ọ nípa Victoria ní ilé-ìwé, kò sẹ́ni tó dárúkọ Àìná fún un rí. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un, ní Yorùbá, ohun tí àwọn náà gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn àgbà nípa ogun Dàhòmì: bí wọ́n ṣe ń sùn pẹ̀lú ẹrù dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, bí wọ́n ṣe ń di ọmọ lẹ́nu nínú igbó kí igbe rẹ̀ má baà tú wọn fó. N kò gbọ́ ìtàn yẹn rí, èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn. Ọmọ mi kì í fi Yorùbá dáhùn nílé. Lọ́jọ́ yẹn ó ní, “Màmá àgbà, ṣé wọ́n rí ìyá rẹ̀ sin?” Màmá ní àwọn ò mọ̀.

Ó béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí Àìná kú sí. Mo ní Madeira ni, ní 1880, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á. Ibojì àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní Funchal, olú-ìlú ibẹ̀, ni wọ́n sin ín sí. Àkọ́bí rẹ̀ ń bọ̀ wá kí ọbabìnrin níbí, ní Osborne, nígbà tó gbọ́ pé ìyá òun ti kú. Ọkọ mi tó ti ń tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ọmọ kékeré yíjú padà nígbà tó gbọ́ Madeira.

Màmá kò sọ nǹkan kan títí a fi wọ ọkọ̀ padà lọ́jọ́ kejì. Àárín omi la wà nígbà tí wọ́n bi mí pé, “Madeira yẹn, ta ló ń bá a sọ Yorùbá níbẹ̀?”

Wọ́n ti padà sí Ìlaróò báyìí. Nàìjíríà ni wọ́n ti máa gba físà tiwọn, mo sì ti ń kó ìwé báǹkì jọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a máa lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Funchal, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi: mo gbọ́ pé òkè ni gbogbo ìlú náà, ṣé mọ́tò lè gbé àgbà tí orúnkún ń dùn dé ẹnu ọ̀nà ibojì yẹn, àbí wọ́n máa fẹsẹ̀ gun òkè?