Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹgbẹ́ wo ni kí n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará mi. Ẹni ọdún 37 ni mí, mò ń ránṣọ ní Lágeré n'Ífẹ̀ níbí, mi ò tíì lọ́kọ. Àìlọ́kọ gan-an kọ́ ló ń dùn mí, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ yúùtù, ọmọ ogún ọdún ni wọ́n, àǹtí ni wọ́n ń pè mí, ẹgbẹ́ àwọn ìyá náà ní abilékọ nìkan làwọn ń gbà. Lọ́jọ́ ìkórè wọ́n pe yúùtù, wọ́n jó lọ, wọ́n pe àwọn ìyá, wọ́n jó lọ, èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo di ẹnfilọ́ọ̀pù mi mú títí òógùn fi rin ín, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo rán aṣọ ẹgbẹ́ táwọn ìyá yẹn wọ̀ o! Ìgbà tó yá màmá kan fà mí síwájú pé kí pásítọ̀ gbàdúrà ọkọ fún mi lójú gbogbo ìjọ. Mo ṣe àmín, àmọ́ mo sunkún délé.

Pọ́ọ̀lù sì sọ ọ́ nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 7 pé ó dáa kí ẹni tí ò ṣègbéyàwó wà bí òun ṣe wà, mi ò gbọ́ kí wọ́n wàásù ẹ̀ rí.

Mi ò fẹ́ kúrò níjọ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìsìnkú bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ bá ìyàwó pásítọ̀ ni àbí ìyá ẹgbẹ́? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí ò ní dà bíi pé mò ń rí wọn fín? Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kí lẹ ṣe?