Wọ́n ní kí n lọ tún ìwé ìtàn ìlú wa kọ

Ọmọ Ìjùmú: Ẹ̀yin ará ilé, okun o. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, n kò rí oorun sùn láti Ọjọ́bọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ ìwé ìtàn ìlú wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ mọ́tò dé Kàdúná, torí ibẹ̀ ni wọ́n kó fáìlì Kabba Province ayé òyìnbó sí. Lẹ́ẹ̀kejì, táyà bẹ́, inú mọ́tò la sùn mọ́jú. Owó ilé ni mo fi ṣe fótókọ́pì. Ìyàwó mi ò tíì dárí ẹ̀ jì mí. Mo kó ojú ìwé 412 ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé yunifásítì kan. Oṣù mọ́kànlá, wọn ò fọhùn. Ìgbà tí èsì máa dé, èébú lásán! Àwọn tó kà á ò tiẹ̀ forúkọ sí i. Ẹni tí ò mọ ọ̀nà oko wa ló ń kọ́ mi nítàn ìlú mi. Ṣé kí n gbé e lọ síbòmíràn ni, àbí kí n fowó ara mi tẹ̀ ẹ́?

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má fowó ara yín tẹ nǹkan kan. Èmi tẹ 300 ìwé oríkì ní Lọ́kọ́ja, 203 ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Eku ti bímọ sínú páálí kan.

Olùkọ́ Kabba: Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ìwé náà lẹ dà lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà? Àlàyé ṣókí ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ béèrè, pẹ̀lú orí kan tàbí méjì: kí ni ìwé yín sọ tí ẹlòmíràn ò tíì sọ? Ti pé wọn ò forúkọ sí i, bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Ọ̀mọ̀wé méjì ló sábà máa ń kà á, kí wọ́n lè sọ òótọ́ láìwojú ẹnikẹ́ni. Ṣé wọ́n kọ̀ ọ́ ni, àbí wọ́n ní kí ẹ tún un ṣe?

Ọmọ Bùnú: Ṣé Bùnú wà nínú ìwé náà, àbí Ìjùmú nìkan ni Núpé kó lẹ́rú?

Ọmọ Ìjùmú: Orí 7 ni mo kó gbogbo ìyẹn sí, títí dé 1897 tí Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, ṣẹ́gun Bídà, olú ìlú Núpé. Ẹ kà á kí ẹ tó bínú.

Ọmọ Bùnú: Níbo ni kí n ti kà á? Ṣebí ẹ ò tíì tẹ̀ ẹ́.

Olùkọ́ Kabba: Ẹ dá mi lóhùn o.

Ọmọ Ìjùmú: Wọ́n ní kí n tún un ṣe láàárín oṣù mẹ́fà kí n dá a padà. Ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ kan orí 4.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀: Kí ló wà ní orí 4?

Ọmọ Ìjùmú: Wọ́n tún ní kí n gbàwé àṣẹ lórí fọ́tò 26. Ta ni mo fẹ́ lọ jí nínú sàréè?

Olùkọ́ Kabba: Orí 4, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Ìjùmú: Ìtàn ilé ọba ni. Wọ́n ní àwọn 17 tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, agboolé kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Agboolé wa ni. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní kóòtù lórí oyè náà báyìí, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ìwé. Ó wà nínú fáìlì Kàdúná bẹ́ẹ̀!

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀: Háà! Bàbá!

Ọmọ Bùnú: Ìwé ẹjọ́ lẹ kọ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ wá ń pè é ní èébú.

Olùkọ́ Kabba: Fáìlì yẹn náà, ẹnu ẹni tó jókòó ti ògbufọ̀ ni òyìnbó ti gbọ́ ọ. Ẹ lọ bá agboolé kejì. Ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, kí ẹ sì jẹ́ kí ilé ìtẹ̀wé mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín ń du oyè. Bí ẹ bá fowó ara yín tẹ̀ ẹ́ báyìí, kò dájú pé wọ́n á gbà á mọ́.

Ọmọ Ìjùmú: Wọn kì í kí wa. Ta ló máa mú mi wọlé?

Àbíkẹ́: Mo ti ń kà á láti àárọ̀. Ọmọ agboolé kejì ni mí. Ìyá bàbá mi ṣì ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ mú obì wá, ẹ má gbé rẹ̀kọ́dà wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀: Ìwé oríkì mi ṣì wà o. Èyí tí eku ò dé.